Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo: Dókítà tó gbé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ kúrò lẹ́yìn ògiri wá sáàrin abúlé

Téèyàn bá dúró sí Agbowó, níbi tí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti ń pe oníbàárà, títì kan ṣoṣo ló wà láàrin ẹni náà àti géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn géètì yẹn ni ọkùnrin kan ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1963 sí 1971. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, nígbà tó sì yá ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas Adéoyè Lambo.

Kì í ṣe ipò tó dé ló jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ káàkiri àgbáyé títí dòní. Ohun tó ṣe kí ó tó dé Ìbàdàn rárá ni. Ó fi hàn pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú lè gba ìtọ́jú láàrin àwọn èèyàn tirẹ̀, ní owó táṣẹ́rẹ́, láì jẹ́ pé wọ́n tì í mọ́lé.

Ìgbà tí ògiri àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pọ̀ ju ìtọ́jú lọ

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bá ti rí i nínú ilé rẹ̀ nìkan ló mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Tọ́mọ bá dédé dìde lóru, tó ní òun ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tó ń ya aṣọ, tó ń sá jáde, kí ni òbí fẹ́ ṣe? Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ?

Nígbà ayé òyìnbó amúnisìn, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà ìjọba ni àkọ́kọ́. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Yábàá, l'Ékòó. Ní ọdún 1916, òfin kan jáde tó fún ìjọba lágbára láti kó irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n gba ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lantoro, l'Abẹ́òkúta, wọ́n sì kó àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ọ̀rọ̀ ìwòsàn ti wọnú ara wọn. Kí wọ́n má baà da ìlú rú ni wọ́n ṣe ń tì wọ́n mọ́lé. Ìtọ́jú kéré, dókítà tó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Ọ̀nà kejì ni ilé oníṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba ọ̀nà yìí, torí kò jìnnà, oníṣègùn sì gbọ́ èdè wọn. Ewé àti egbò tí àwọn míì ń lò níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí wọ́n ti ń lò fún irú àìsàn yìí tipẹ́tipẹ́, ní èròjà kan nínú tí àwọn dókítà òyìnbó náà wá ń lò ní àwọn ọdún 1950 láti mú ara aláìsàn wálẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oníṣègùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, pàṣán náà wà níbẹ̀.

Láàrin ọ̀nà méjèèjì yìí ni ìdílé wà tí wọ́n ń ṣe kòńgẹ́ ìtìjú, tí owó sì ń tán lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Lambo, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1923. Baptist Boys' High School níbẹ̀ ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti kàwé ṣáájú rẹ̀, tí MKO Abíọ́lá náà sì kàwé lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham. Ó gboyè jáde ní ọdún 1948. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ti rí ìyàwó rẹ̀, Dinah, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta.

Ó padà wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó ṣiṣẹ́ dókítà l'Ékòó, ní Zaria àti ní Gusau. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí London, ó lọ kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Maudsley, tó gbajúmọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà àrùn ọpọlọ.

Ohun tí àwọn òyìnbó kan ń kọ nípa ọpọlọ ọmọ adúláwọ̀ nígbà náà ò dáa. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan tí dókítà J. C. Carothers kọ. Dókítà yìí ti ṣiṣẹ́ ní Kenya. Nínú ìwé náà, ó fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níbi iwájú orí. Ó tún ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ò wọ́pọ̀ láàrin ọmọ Áfíríkà. Lambo ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí léraléra, ó fi yé wọn pé ibi téèyàn ti dàgbà, ohun tó gbàgbọ́ àti ohun tójú rẹ̀ rí ló ń yàtọ̀, kì í ṣe ọpọlọ. Ogún ọdún lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde, Lambo náà ló wá di igbákejì ọ̀gá àgbà fún àjọ tó tẹ̀ ẹ́.

Aro: ilé ìwòsàn tí ò tíì parí

Ní ọdún 1954, ìjọba fi Lambo ṣe olórí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aro, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 31 ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Aláìsàn wà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ò sí.

Ẹlòmíì á ti jókòó, á máa dúró de kọngílá. Lambo ò dúró. Ó wo àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó tọ àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà ibẹ̀ lọ, ó sì bá wọn dá àdéhùn. Kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn bí ayálégbé. Kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú láàárọ̀, kó sì padà sí abúlé lọ́sàn-án.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Kò sí aláìsàn tó ń dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó. Ẹbí yìí ló ń se oúnjẹ, tó ń fọṣọ, tó ń mú aláìsàn dé ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì ń mú un padà. Wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ onílé, wọ́n ń sanwó ilé. Ní ilé ìwòsàn, aláìsàn ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, àwọn míì ń gba ìtọ́jú oníná mànàmáná, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní London. Tí ilẹ̀ bá ṣú, nọ́ọ̀sì wà lábúlé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tára aláìsàn bá ti ń yá, ó ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó ń jó níbi ayẹyẹ.

Àwọn ará abúlé náà rí èrè níbẹ̀. Yàtọ̀ sówó ilé, ilé ìwòsàn yá wọn lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Wọ́n ṣe omi tó mọ́, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlera gbogbo abúlé sunwọ̀n sí i, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Nígbà tó yá, abúlé mẹ́rin ló wà nínú ètò náà.

Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́? Lambo ti rí i pé ìgbà tí wọ́n bá já aláìsàn gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n fi í sáàrin àjèjì, ìbẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹbí tó tì í mọ́lé lọ́dún kan náà á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Ọjọ́ tó bá sàn tán, kò síbi tó máa padà sí. Ṣùgbọ́n ní Aro, ìyá tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ti mọ àmì tí òun gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, ó sì mọ̀ pé àìsàn lèyí, kì í ṣe èpè tó máa pa gbogbo ilé run. Tí wọ́n bá padà sílé, òun gan-an ti di nọ́ọ̀sì kékeré.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Ìjọba ò ní láti kọ́ wọ́ọ̀dù sílé fún gbogbo aláìsàn, kò ní láti bọ́ wọn, kò ní láti gba ẹ̀ṣọ́. Owó tí wọ́n ń ná lórí aláìsàn kan lábúlé kéré púpọ̀ sí ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó pe àwọn oníṣègùn wọlé

Èyí tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni pé Lambo mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó pè wọ́n láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń darí àwọn ìpàdé àti ayẹyẹ tó ń mú ọkàn aláìsàn balẹ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé fáwọn dókítà ohun tí àìsàn náà túmọ̀ sí lójú ẹni tó ń ṣe é.

Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú. Lójú tiwọn, ọkùnrin tó kàwé dé Maudsley ò yẹ kó bá babaláwo jókòó. Ṣùgbọ́n Lambo mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé aláìsàn tó bá gbà pé ayé ló ń ṣe òun ò ní gbàgbọ́ nínú oògùn lásán tẹ́nì kan ò bá fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún mọ̀ pé bí ilé ìwòsàn bá fojú di oníṣègùn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn náà làwọn èèyàn á ṣì kọ́kọ́ lọ, inú òkùnkùn ni wọ́n á sì ti máa ṣe é. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tàbí pàṣán. Ohun tó wúlò ló mú, lábẹ́ ojú dókítà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, Abẹ́òkúta gbàlejò ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà àrùn ọpọlọ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ṣe. Àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè míì fojú ara wọn rí àwọn abúlé Aro. Láàrin àkókò yẹn kan náà, Lambo àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà ń ṣèwádìí nínú àwọn abúlé Yorùbá àti nílùú Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé èyí tí Leighton ti rí ní agbègbè kan ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà láàrin Yorùbá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ò ní orúkọ kan pàtó tí wọ́n ń pè é bí àìsàn. Bí ọ̀rọ̀ Carothers ṣe wó lulẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó san owó tí ò hàn síta

Ètò Aro dáa, àmọ́ kò yẹ ká sọ ọ́ bíi pé kò ní ìnira. Ẹbí tó tẹ̀ lé aláìsàn wá ló ń ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ìyá tó wà ní Aro fún oṣù mélòó kan ò sí lọ́jà, kò sí lóko. Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ yòókù? Owó tí ìjọba ò ná, ìdílé náà ló ń ná an, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ò lẹ́bìí tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ ò lè wọ ètò náà bó ṣe yẹ. Ìbéèrè yìí ṣì wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé kí wọ́n máa tọ́jú aláìsàn láàrin ìlú: ta ló máa jókòó tì í, ta ló sì máa san owó àkókò rẹ̀?

Ìbàdàn, ayọ̀ àti ìbànújẹ́

Ní ọdún 1963, Lambo fi Aro sílẹ̀ fún Dókítà Tọ́lání Àsúní, ó sì wá sí Yunifásítì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tuntun tó gbà ni láti kọ́ àwọn tó máa tẹ̀ lé e. Ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1966. Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì.

Ipò yìí ò rọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní gbọ̀ngàn wọn. Ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, wọ́n yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Orúkọ Adépéjú ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà títí di òní, ìrántí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi mọ àsìkò Lambo. Ọkùnrin tó lo gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ láti má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi agbára mú aláìsàn, abẹ́ àkóso rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìbọn dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ ò lè fo ojú ìwé yẹn.

Lọ́dún yẹn kan náà ló lọ sí Geneva, ní Switzerland, níbi tó ti di ọ̀kan lára àwọn igbákejì ní WHO. Ní ọdún 1973, wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà gbogbo àjọ náà, ó sì wà nípò yẹn títí di ọdún 1988. Nígbà tó wà níbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata, wọ́n fẹnu kò pé ìlera gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera tó sún mọ́ ará ìlú, tó fi mọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ níbi tó bá yẹ. Ẹni tó bá ti rí Aro rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun.

Lambo jáde láyé lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 81.

Kí ló kù nílẹ̀?

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ètò abúlé Aro rẹlẹ̀. Ìlú fẹ̀, abúlé di àdúgbò, àwọn olówó iṣẹ́ ò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ láti tẹ̀ lé ẹbí wọn. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà, ó sì tóbi. Ní ọdún 2011, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé bí wọ́n ṣe lè dá àrùn ọpọlọ mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ nítòsí.

N'Íbàdàn náà, irúgbìn Lambo ò kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ sí ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà tí àwọn alárùn ọpọlọ wà, kí wọ́n jọ máa tọ́jú wọn. Aláìsàn 307 ló kópa. Èsì tó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó gba ìtọ́jú alájọṣe yìí le ju ti àwọn tó wà ní ilé oníṣègùn nìkan lọ, owó tí wọ́n ń ná lórí ìtọ́jú náà sì dín kù jù. Ọdún 66 ti kọjá láti ìgbà tí Lambo ti bá babaláwo jókòó ní Aro.

Òfin náà ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó dípò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ayé òyìnbó. Òfin tuntun yìí mọ̀ pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì fẹ́ kí ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ ará ìlú.

Àmọ́ òfin lórí ìwé yàtọ̀ sí ohun tó wà nílẹ̀. Ní Agbowó lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn ló jìnnà sí ilé bàbá wọn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń sunkún lóru, tí kò lè jẹun, tàbí tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó máa rí i ni aládùúgbò tàbí onílé. Ohun tí onílé náà bá ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Ó lè ní kó kẹ́rù jáde. Ó sì lè pe ẹbí rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí, tàbí UCH, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ring Road.

Àwọn onílé Aro, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbẹ̀, ṣe èkejì ní ọdún 1954. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àjèjì tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa gbé láàrin wọn títí ara rẹ̀ fi yá. Láìsí wọn, Lambo ì bá má rí nǹkan kan ṣe.